Ètò Ọ̀rọ̀ Ìlú Tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ń Ṣe Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà." Òwe yìí kò mọ sí ààfin ọba nìkan, ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe ètò ọ̀rọ̀ ìlú fún tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú.

Nígbà púpọ̀, àríyànjiyàn ni wọ́n máa ń fi irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe. Apá kan a gbe ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, apá kejì a takò ó, onídàájọ́ a fúnni ní máàkì, èrò ìwòran a sì pàtẹ́wọ́. N kò wí pé èyí kò dára. Ó ń kọ́ ọmọ ní ìgboyà àti bí a ti í to ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ ìlú mu, ó sì yẹ kí a yí i padà. Bí yóò ti borí ni ajiyàn ń wá, kì í ṣe òtítọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Ìjerò ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ń wa kùsà ní àgbègbè náà, òkúta olówó iyebíye bíi tourmaline sì wà níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá jiyàn pé, "Iṣẹ́ kùsà sàn ju iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ," àtẹ́wọ́ ni yóò parí rẹ̀. A kò ní gbọ́ ohùn àgbẹ̀ tí ẹ̀rù kòtò ń bà. A kò ní gbọ́ ohùn awakùsà tí ó ń fi iṣẹ́ náà bọ́ ọmọ. Ajiyàn mìíràn tilẹ̀ lè di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba ìbílẹ̀, láìmọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà. Ó sàn kí àwọn ọmọ gbé ẹ̀rọ ayàwòrán tọ olúkúlùkù lọ, kí wọ́n bi í léèrè, kí wọ́n sì padà lọ bá ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kí ó lè fèsì.

Ìtàn tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa ti èyí lẹ́yìn. Ní 1953, Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò ìjọba, ó bẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì, wọn kò fún un. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959. Òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bí ó ti jẹ́ pé àìrí àyè fèsì wà lára ohun tí ó bí i, kò yẹ kí ètò àwọn ọmọ wa fi irú àyè bẹ́ẹ̀ du ẹlòmíràn.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ìbéèrè kò dùn ún wò tó ìjà ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ìkógòsì, ní àgbègbè Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n: omi gbígbóná ń ṣàn láti orísun tirẹ̀, omi tútù láti orísun tirẹ̀, kí wọ́n tó pàdé. Èkíní kò bá èkejì jà, síbẹ̀ èrò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi àríyànjiyàn sílẹ̀ fún gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìlú, ẹ gbọ́ tẹnu gbogbo ẹni tí ọ̀ràn kàn. Lẹ́yìn náà, kí ìlú fúnra rẹ̀ dájọ́.