Olójú Jínjìn Etí Odò Ọya

Òkèèrè l'olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Àwọn kan rò pé yẹ̀yẹ́ ni àwọn àgbà ń fi ẹni tí ojú rẹ̀ jìn ṣe. Rárá o, ìmọ̀ràn ni. Ẹni tó mọ̀ pé omijé òun kì í tètè jáde kò gbọdọ̀ dúró dé ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀fọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba orílẹ̀-èdè Niger ni mo ń bá wí. Lọ́dún 2024, àgbàrá òjò kò yọ ẹkùn kankan sílẹ̀ nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, òkú ti lé ní 330, àwọn tí omi ṣe lọ́ṣẹ́ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ilé ìwé tó yẹ kó wọlé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, wọ́n sún un di ọjọ́ 28, torí omi ti ba àwọn kan jẹ́, àwọn tí kò nílé mọ́ sì ń sùn nínú òmíràn.

Ṣé wọn ò mọ̀ ni? Niamey gan-an, olú ìlú wọn, ni AGRHYMET fìdí kalẹ̀ sí láti 1974, àwọn tó ń wo ojú òjò fún gbogbo Sahel. Ibẹ̀ náà ni olú iléeṣẹ́ àjọ tó ń bójú tó Odò Ọya fún orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án wà. Odò yìí kì í sì í yọ́ wá: ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún lọ́dún. Omi pupa tó máa ń kún ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, àwọn odò bíi Sirba ló ń gbé e bọ̀ láti Burkina Faso, lórí ilẹ̀ tó ti le gbagidi tí kò mumi mọ́. Ìkún kejì ń ti Guinea bọ̀, yóò la Mali já, ó di inú ọyẹ́ kó tó dé Niamey.

Lọ́dún 2012, omi wọ Lamordé àti Kirkissoye, àwọn àdúgbò etí odò ní Niamey. Ní 2020, ó ya òkìtì etí odò, ó tún wọ ibẹ̀ náà, àwọn aráàlú ń fi àpò iyanrìn dí i. Amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Omi kì í wó o lójú ẹsẹ̀. Ìdí ògiri ni yóò kọ́kọ́ mumi, yóò wú, yóò máa já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Onílé á ti máa dúpẹ́ pé omi ti fà, ògiri á wá dà lu àwọn tó sùn.

Wọ́n á ní tálákà ni Niger, pé ìyà tí ECOWAS fi jẹ àwọn ológun tó gbàjọba ní 2023 ló gbọ́n àpò ìjọba gbẹ. Òótọ́ ni, àmọ́ ojú tó jìn náà nìyẹn! Ẹni tí kò lówó ọkọ̀ ojú omi àti àgọ́ ló yẹ kó tètè múra jù. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi ológun nìkan: Mahamadou Issoufou, ààrẹ alágbádá, ló wà lórí oyè ní 2012 àti 2020. Ẹ̀yìn ìkún omi náà ni ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ dé nígbà náà.

Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà, odò máa ń fà títí iyanrìn á fi hàn. Ìgbà yẹn ni kí ìjọba mọ òkìtì náà nípọn, kí wọ́n la gọ́tà, kí wọ́n sì fún ará Lamordé ní ilẹ̀ gíga tó ní omi ẹ̀rọ àti ilé ìwé, kí òjò tó dé.