Eyín ọmọdé tó ti ní ihò: kí la ó fi dí i?

Ìyá kan béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Eyín ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 6, ti ní ihò. Ará ilé ní kó fi sílẹ̀, pé eyín ọmọdé ni, yóò kúkú jábọ́.

Èmi ò gbà. Ti iwájú ló ń tètè jábọ́. Ti ẹ̀yìn máa ń wà lẹ́nu títí di nǹkan bí ọdún 10 sí 12. Ṣé bí ọmọ á ṣe máa fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹ ẹ̀pà nìyẹn, tí kò ní í sùn lóru, fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún? Bí ẹ bá sì yọ ọ́ láìtọ́jọ́, àwọn tó kù á sún gba àyè rẹ̀, eyín àgbà á wá hù wọ́.

Ó yá, kí la ó fi dí i? Plombage aláwọ̀ fàdákà tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, bí ìdajì rẹ̀ ni mẹ́kúrì. Ó le, ó ń pẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Minamata, Benin wà níbẹ̀, fẹnu kò pé kí wọ́n má fi í dí eyín ọmọdé mọ́, àfi bí dókítà eyín bá rí i pé ó pọn dandan. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú.

Résine rẹwà, àmọ́ ó ń fẹ́ iná, ó sì ń fẹ́ kí eyín gbẹ dáadáa. Ta ló lè mú ọmọ kékeré jókòó bẹ́ẹ̀?

Tèmi, ciment verre ionomère ni mo máa béèrè. Ẹ di orúkọ yẹn mú, torí Faransé ni dókítà á sọ. Ó ń lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀, ó ń tú fluor sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lè fi irin ọwọ́ ha ibi tó jẹrà kúrò, láìsí ẹ̀rọ tó ń han létí ọmọ. Tanzania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, níbi tí iná kò sí. Lọ́dún 2021, OMS fi sìmẹ́ǹtì náà sínú àkójọ oògùn tó ṣe kókó.

Ó ní àléébù: kò le tó ti fàdákà. Bí ihò bá wà láàárín eyín méjì, ó lè já. Níbẹ̀, fìlà irin kékeré tí wọ́n ń dé lé eyín lórí ló ń pẹ́ jù.

Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti wú, tí ara ọmọ gbóná, ọ̀rọ̀ ti kọjá dídí. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ béèrè iye owó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe ń nájà lọ́jà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.