Abirùn ní Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìjọsìn: Sàráà Nìkan Kò Tó

Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ní Nàìjíríà láti ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí àbùkù ara. Òfin náà fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe, kí arọ lè wọlé láìjẹ́ pé a gbé e pọ̀n, kí afọ́jú sì lè rìn níbẹ̀ láìfarapa. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Àwọn kan ti ń bèèrè ohun tí báǹkì, ilé-ẹjọ́ àti ilé-ìwé ṣe sí i. Àwọn tí ó ń bèèrè ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ṣe kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn ilé tirẹ̀, ó ṣòro láti rí ilé tí ọmọ Nàìjíríà ń wọ̀ tó ilé ìjọsìn, láti Sókótó títí dé Kàlàbá.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe irú òfin yìí ní ọdún 1990, wọ́n yọ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀sìn sílẹ̀ nínú apá tí ó kan ilé gbogbogbòò. Bí ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀ bá ní àtẹ̀gùn 20, tí kò sì ní ọ̀nà mìíràn, òfin yẹn kò lè mú un. Ní ti òfin tiwa, ohun tí ó pè ní ilé gbogbogbòò ni ilé ìjọba àti ilé tí ó bá ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú láti lò. Lójú tèmi, ìjọ tí ó kọ ọ́ sí ara ògiri pé gbogbo ènìyàn ni a ń pè kò lè sọ lọ́la pé ilé àdáni ni ilé òun.

A kò lè sọ pé àwọn onígbàgbọ́ kò náání abirùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àti lọ́jọ́ Ìsinmi, owó ń bọ́ sínú igbá wọn. Sàráà dára, ẹ̀sìn méjèèjì ni ó pa á láṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo ibi tí ẹni tí ń gba sàráà jókòó sí: ìta ni. Ẹni tí ó fún un ni ó ń wọlé lọ. Òfin ọdún 2019 tilẹ̀ kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa lo abirùn, tàbí kí ó máa kó wọn káàkiri, láti fi tọrọ owó. Ó yẹ kí díẹ̀ nínú àwọn tí ń pe àpéjọ ìwòsàn ńláńlá fi ara balẹ̀ ka abala yẹn.

Nínú ìwé mímọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà kò rí báyìí. Mefiboṣẹti, ọmọ Jonatani, yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọba Dáfídì kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i ní ẹnu ibodè, orí tábìlì ọba ni ó ti ń jẹun. Nínú Ìsìláàmù, Abdullahi ọmọ Umm Maktum jẹ́ afọ́jú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó fa ìbáwí tí ó bẹ̀rẹ̀ súrà 80 nínú Àlùkùránì; síbẹ̀ òun àti Bilal ni wọ́n jọ ń pe ìrun ní Mẹ̀dínà, òun sì ni Ànábì máa ń fi sílẹ̀ láti ṣe ìmáàmù nígbà tí ó bá jáde lọ. Àwọn baba wa náà ń pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà, nítorí wọ́n gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Èwo nínú àwọn mẹ́ta yìí ni a ti rí ìjókòó ìta kọ́?

Ẹni tí ó fi ọ̀nà mìíràn hàn wá ni Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tí a bí ní Alabama ní ọdún 1925, tí àìsàn sì sọ di adití ní ọmọ ọdún 11. Ní 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè B.A. ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ó dé ilẹ̀ Gánà ní 1957, ó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Accra. Ní 1960, ọdún òmìnira wa gan-an, ó dá ti Ìbàdàn sílẹ̀. Kí ó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní 1987, ilé-ìwé tí ó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà ti lé ní 30. Kò wá láti bẹ àwọn tí etí wọn là kí wọ́n ṣàánú adití. Ó kó àwọn adití jọ, ó fi ọwọ́ wàásù fún wọn, ó kọ́ wọn ní ìwé, ó sì sọ àwọn kan nínú wọn di olùkọ́ àti oníwàásù. Láti ara èdè ọwọ́ tí ó mú ti Amẹ́ríkà wá ni púpọ̀ nínú èyí tí àwọn adití Nàìjíríà ń sọ lónìí ti jáde. Adití ni ó mú Ìhìnrere tọ adití lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò kéré.

Apá kan wà tí ó burú ju àtẹ̀gùn lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch sọ ohun tí ó rí ní ibi 28 tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá ṣáká, ní ìpínlẹ̀ 8 àti Abuja. Wọ́n bá ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ní ilé àwọn oníṣègùn, ní ilé àwọn mùsùlùmí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin titun lórí ìlera ọpọlọ ti dé láti oṣù kìíní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n níbi tí wòlíì bá ti ní ẹ̀mí àìmọ́ ni, ta ni yóò lọ ka òfin fún un?

Ohun tí a ń bèèrè kò wọ́n. Ìjọ tí ó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò lè sọ pé owó ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn wọ́n òun, tàbí pé òun kò rí ẹni kan tí yóò kọ́ èdè ọwọ́. Èyí tí ó le jù ni àga kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ fún abirùn, kí wọ́n bi í léèrè kí wọ́n tó da kọnkéré. Òfin náà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí ó ní àṣẹ láti gba ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n abirùn wo, tí ó ń jẹ nínú sàráà ìjọ, ni yóò pe pásítọ̀ tàbí lèmọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́jọ́ níwájú wọn?