Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Gbé Jẹjẹrẹ Sára Eku

Ìbéèrè àwọn ọmọ la fẹ́ dáhùn lóṣù yìí: kí ló dé tí àwọn dókítà fi ń gbé àìsàn èèyàn sára eku?

Ẹ wò ó. Jẹjẹrẹ kan náà lè mú èèyàn méjì, kí oògùn kan wo ọ̀kan sàn, kó má ran èkejì rárá. Kímò sì ń fìyà jẹ ara. A ò lè máa dán gbogbo rẹ̀ wò lára aláìsàn. Ṣùgbọ́n eku lásán kì í gba ẹran ara èèyàn, àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀ á bá a jà ni. Ní 1969, Rygaard àti Povlsen ní Denmark gbé jẹjẹrẹ ìfun èèyàn sára eku tí kò nírun, tí a bí láìní ọmọ ogun ara tó péye. Ó sì dàgbà níbẹ̀.

Wọ́n á gé kókó náà wẹ́wẹ́, wọ́n á fi sábẹ́ awọ ọ̀pọ̀ eku. Àwọn kan á gba oògùn yìí, àwọn kan tọ̀hún, àwọn kan ò ní gba nǹkan kan. Wọ́n á máa wọn gígùn àti ìbú rẹ̀. (Àwa tá a ń ṣírò owó mọ ìwúlò àwọn tí kò gba nǹkan kan yẹn: àwọn la fi ń mọ̀ bóyá oògùn ló ṣiṣẹ́.) Nítòsí wa ní Toronto, John Dick àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sára irú eku bẹ́ẹ̀. Ní 1994 wọ́n fi hàn pé díẹ̀ péré nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló lè tún àìsàn náà dá sílẹ̀. Oògùn tó bá pa ìyókù, tó dá àwọn yẹn sí, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ṣé ó ń dun eku? Ó lè dùn ún. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní Kánádà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Eku kì í ṣe èèyàn o. Kókó mìíràn kì í hù. Èyí tó hù lè gba oṣù púpọ̀, aláìsàn ò sì lè dúró dè é.

Èyí tó kàn wá jù ni pé ara òyìnbó ni púpọ̀ nínú kókó tí wọ́n ń lò ti wá. Bí ilé ìwòsàn bá ní kí ẹ fi tiyín sílẹ̀ fún ìwádìí, ẹ̀rù tó ń ba àwọn àgbà wa kì í ṣe lásán. Síbẹ̀, ẹ má kàn kọ̀, ẹ má sì kàn buwọ́ lùwé. Ẹ bi wọ́n: ṣé èyí tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀ ni, àbí wọ́n á tún gé òmíràn? Ṣé orúkọ wa á wà lára rẹ̀? Bí a bá yí ọkàn padà lọ́la ńkọ́?