Ẹ Má Fi Àwọ̀ Nìkan Yan Akọ Gínípíìgì

Ẹ gbé àpótí gínípíìgì síwájú ọmọdé. Kò níí wo aláwọ̀ kan. Aláràbarà tí pupa, dúdú àti funfun pín ara rẹ̀ bí aṣọ alábùlẹ̀ ni yóò nawọ́ sí. Àgbà pàápàá kò yàtọ̀. N kò bá ojú ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran kékeré aláìnírù yìí ní ìlú Kòmú, tí ẹ sì ń fi àwọ̀ yan akọ, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Bí akọ aláràbarà kan bá ti yọ, kì í kúrò nílé mọ́. Òun ni ọkọ ìyá rẹ̀, òun ni ọkọ àwọn àbúrò rẹ̀, òun náà ni yóò tún gun ọmọ tó bí. Ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ń yí po nínú àpótí. Tó bá yá, ọmọ á máa kéré, òkú ọmọ á máa pọ̀, abo tó ń bí mẹ́ta á wá máa bí ẹyọ kan.

Kí la sì rí gbà? Àràbarà kì í gbọ́ràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń kó gínípíìgì jáde fún ìdíje ẹwà, oní-pupa-dúdú-funfun wà lára àwọn tó ṣòro jù láti fi gba ẹ̀bùn. Wọ́n fẹ́ kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́rin, kí ààlà sì gba àárín ẹ̀yìn àti àárín ikùn kọjá gbọọrọ. Akọ àti abo tó gba ipò kìn-ín-ní lè bí ọmọ mẹ́rin kí ìkankan má yẹ fún ìdíje. Inú oyún ni àbùlẹ̀ ti ń wá ibi tí yóò bọ́ sí. Ọ̀pá bíbó tí Jákọ́bù inú Bíbélì fi síwájú agbo ẹran kí wọ́n lè bí aláràbarà kò ràn án.

Èyí tó léwu gan-an kì í tilẹ̀ ṣe alábùlẹ̀. Oní-ewú ni, èyí tí irun funfun dà pọ̀ mọ́ irun aláwọ̀ káàkiri ara rẹ̀. Ẹ má fi akọ oní-ewú gun abo oní-ewú. Nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan lè jáde ní funfun báláú, kí ojú rẹ̀ fọ́, kí eyín rẹ̀ sì wọ́.

Ní Perú, níbi tí wọ́n ti ń sìn ín fún jíjẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, INIA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba, gbé irú kan jáde ní 2004, wọ́n sì fi orúkọ ilẹ̀ wọn pè é. Pupa àti funfun ni ara rẹ̀, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni wọ́n fi yàn án: èyí tó tètè tóbi ni wọ́n ń mú.

Nítorí náà, ẹ lọ pààrọ̀ akọ ní ìlú Ọ̀tù tàbí Òkákà kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè wọlé. Tí ọmọ bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ yọ àwọn akọ inú wọn kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Abo tí kò tíì bí rí kò gbọdọ̀ kọjá oṣù méje kí akọ tó gùn ún. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, egungun ìdí rẹ̀ á ti dì, ọmọ á há, ìyá á kú.

Tí ọyẹ́ bá dé, tí koríko gbẹ, ẹ rántí pé ara gínípíìgì, bíi ti ènìyàn, kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ń tiro, tí oríkèé rẹ̀ wú, àìní fítámì náà lè máa dà á láàmú. Ẹ fún wọn ní gúáfà, ọsàn, ewé ọ̀dùnkún. Ẹ má sì tú amọ́síìlì tàbí Ampiclox sínú omi wọn láé. Kòkòrò rere inú ìfun wọn ni oògùn náà ń pa, ẹran á sì bá a lọ. Èyí tó bá ń ṣàìsàn, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran; kó tó bu oògùn, ẹ sọ fún un pé gínípíìgì ni, kì í ṣe ajá.