Gbòǹgbò Kọ́ ni 'Root' Inú Fóònù

Nígbà ọ̀wọ́n náírà ọdún 2023, fóònù di àpò owó fún ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra àlòkù fóònù lè rí i pé áàpù báǹkì kọ̀ láti ṣí, nítorí pé fóònù náà jẹ́ 'rooted'. Kí ni kí a pe èyí? Bí a bá ní 'a ti fa gbòǹgbò rẹ̀ tu', olùgbọ́ yóò rò pé fóònù ti kú. Bẹ́ẹ̀ agbára rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i.

Láti inú Unix, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1969, ni 'root' ti wá: aṣàmúlò tí kò sí kọ́lọ́fín tí kò lè wọ̀. Android, tí a gbé ka orí Linux, dà bí agboolé Ẹ̀gbá: áàpù kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, ìyàwó kan kì í sì í tú àpótí orogún rẹ̀. 'Root' ni baálé tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí báǹkì ń bẹ̀rù ni pé kí olè má fi kọ́kọ́rọ́ yẹn jí nọ́ńbà àṣírí.

Nítorí náà ni mo ṣe dá a lábàá pé kí a pè é ní 'fóònù agbàṣẹ-baálé'. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pe onífóònù ní ọ̀daràn. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ yọ áàpù tí ilé-iṣẹ́ kì mọ́ fóònù wọn ni. Bí báǹkì bá kọ ọ́ báyìí sójú fóònù, ẹni tí ó ra àlòkù yóò mọ ohun tí yóò bá ẹni tí ó tà á fún un sọ lọ́jọ́ náà gan-an.