Àtíbàbà Onírin Lẹ́yìnkùlé: Ẹ Rò Ó Dáadáa Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Kòtò

Ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá àwọn òbí wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ló máa ń ri òpó irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n á sì da páànù bò ó. Àwọn kan ń sin adìyẹ síbẹ̀, àwọn kan ń gbé mọ́tò síbẹ̀, àwọn mìíràn ń kó ẹrù oko pamọ́ síbẹ̀. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí nílé tiwa, kí ẹ lè fi tiwa kọ́gbọ́n.

Ní ọdún 2020, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi kọ́ irú àtíbàbà bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ mi tó fẹ́ máa sin adìyẹ. Wẹ́dà tó bá wa ṣe é ní kí a jẹ́ kí kòtò jìn, kí a sì ra sìmẹ́ǹtì sí i. Àwa la sọ fún un pé àtíbàbà lásán ni, kì í ṣe ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó jẹ́ kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ó gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan péré, ó da kọnkéré díẹ̀ sí i, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ìjì òjò àkọ́kọ́ dé lóṣù kẹta ọdún 2021, atẹ́gùn gba abẹ́ páànù wọlé, ó fa òpó méjì tu bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ tu, ó sì gbé páànù kan fò kọjá ògiri. Ọmọkùnrin aládùúgbò wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń sáré wọlé nítorí òjò. Páànù náà gé e lójúgun, ọgbẹ́ náà sì jìn.

Èmi ni mo fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà, tí mo fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, kí a tó gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n rán an, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ló ti gba èyí tó gbà kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ náà jinná, àmọ́ àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bú wa. Gbólóhùn kan ló sọ: "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún wa pé ká ṣọ́ra." Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní. N kò lè di ẹ̀bi náà ru wẹ́dà, tiwa ni. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nígbà tí a fẹ́ kọ́ òmíràn, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi rò ó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì. Ohun tí a kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ibi tí yóò wà

Ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè. Bí wáyà iná bá gba òkè ibẹ̀ kọjá, ẹ má kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbé òpó irin gígùn nàró gan-an ni ewu pọ̀ jù, nítorí irin náà lè kan wáyà, kí iná sì gbé gbogbo ẹni tó dì í mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilẹ̀. Ẹ má gbẹ́ kòtò òpó sórí ibi tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ, tàbí síbi tí omi òjò máa ń dúró sí. Bí ẹran tàbí adìyẹ ló máa gbé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí kànga tó 100 ẹsẹ̀ bàtà, kó má sì wà lókè kànga, kí òjò má baà wọ́ ìgbẹ́ wọn lọ sínú omi tí ẹ ń mu. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ẹlòmíràn kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi àtíbàbà náà kó ẹrù, ẹ má sin ohun ẹlẹ́mìí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí gígùn rẹ̀ lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má máa ràn wọ inú rẹ̀. Kí ẹ sì tó ná kọ́bọ̀, ẹ yà ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́ ládùúgbò yín, kí wọ́n má baà wá wó o lẹ́yìn tí ẹ ti náwó tán.

Òpó àti òrùlé

Tiwa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó sì fẹ̀ ní 12. Òpó 6 la lò: mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, ẹsẹ̀ bàtà 10 sì wà láàárín òpó kan sí èkejì. Ti iwájú ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9, ti ẹ̀yìn ga ní 7 àtààbọ̀, kí omi òjò lè ṣàn sẹ́yìn. Kòtò kọ̀ọ̀kan jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Nítorí náà, òpó iwájú gbọ́dọ̀ gùn ní 12 lápapọ̀ kí ẹ tó gé e. Ẹ má gbàgbé ìṣirò yìí lọ́jà.

Ní ìsàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kí wẹ́dà jó irin kúkúrú kan mọ́ ọn ní ìbú. Irin yìí ni kọnkéré yóò dì mú tí atẹ́gùn kò fi ní lè fa òpó tu. Kọnkéré náà, sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 1, iyanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4 ni. Ẹ jẹ́ kó yọ sókè díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, kó sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kí omi má dúró ti ẹsẹ̀ òpó tí yóò fi dípẹtà. Ẹ máa bomi wọ́n ọn fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó gbé òrùlé lé e.

Ní ti páànù, ìṣó tí a ń yí wọlé, tó ní rọ́bà lábẹ́ orí, ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ara wọn dáadáa ní etí òrùlé, nítorí etí ni atẹ́gùn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́

Iná wẹ́dà kì í ṣe ìran wíwò. Ẹ lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn lè má mọ nǹkan kan lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di òru, ojú yóò máa ta á bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀, omi yóò sì máa dà lójú rẹ̀. Ẹ má ro omi ọmú, ìtọ̀ tàbí omi ṣúgà sí i. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Àrùn ipá, tí àwa nọ́ọ̀sì ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì, ń ti ara ọgbẹ́ tí erùpẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ẹran bá wọ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ìyá ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ nígbà oyún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bàbá kò rántí ìgbà tí wọ́n gbà á kẹ́yìn. Bó bá ti tó ọdún 10, ẹ lọ gba òmíràn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọgbẹ́ tó dọ̀tí bá sì ṣẹlẹ̀, tí èyí tí ẹ gbà kẹ́yìn ti lé lọ́dún 5, ẹ tètè lọ.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gun àkàsọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òòyì kọ́ èèyàn lójijì, egungun ìbàdí tó bá sì ṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó kì í tètè jinná. Ẹ jókòó sórí àga lábẹ́ igi, kí ẹ máa pàṣẹ. Ẹ má sì fi asbestos tí ẹ tú lára ilé àtijọ́ bo àtíbàbà tuntun. Bí a bá ń fọ́ ọ tàbí tí a ń fi ayùn rẹ́ ẹ, eruku rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa jẹjẹrẹ.

Nígbà tó bá dúró tán

Bí ẹ bá fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ilé tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, kí àtíbàbà náà má sì ní ògiri. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ máa bo àgbá tí ẹ fi ń gbe omi òjò, kí ẹ̀fọn má fi ṣe ilé. Lọ́dọọdún, kí oṣù kẹta tó dé, ẹ wo ẹsẹ̀ òpó bóyá ó ti ń dípẹtà, kí ẹ sì yí ìṣó tó bá ti tú.

Àtíbàbà wa kejì ti rí ìjì tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò mì. Ọmọkùnrin yẹn ti dàgbà, òun ló máa ń bá ìyá ọkọ mi kó ẹyin nírọ̀lẹ́. Nígbàkigbà tí mo bá rí àpá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo máa ń rántí iye sìmẹ́ǹtì tí a ní kí wẹ́dà dín kù. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.